Àwọn Òkú Tí Omi Kò Gbé Lọ

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìjì líle tí wọ́n sọ ní Maria já wọ erékùṣù Puerto Rico láti ẹ̀gbẹ́ ìlú Yabucoa, ó sì la ilẹ̀ náà já títí ó fi bọ́ sínú òkun ní ìhà kejì. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń sáré tó 250 kìlómítà ní wákàtí kan. Ó ká òrùlé, ó fa igi tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó da òpó iná dùbúlẹ̀ jákèjádò erékùṣù, odò sì kún bo afárá. Nígbà tí ìjọba ka òkú, wọ́n ní ènìyàn 64 ni. Iye yẹn kò yẹ̀ nínú ìwé ìjọba fún ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò gbà. Ẹni tó sin bàbá rẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá mọ̀ pé ìjì ló pa bàbá òun, bí omi kò tilẹ̀ kan bàbá náà lẹ́sẹ̀. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 2018, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bàtà àwọn olóògbé wá síwájú ilé aṣòfin ní San Juan. Bàtà ọkùnrin, bàtà obìnrin, bàtà ọmọdé, wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n fi di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún náà, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì George Washington ti ṣe ìṣirò tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbé lé wọn lọ́wọ́, gómìnà gbà pé àwọn tó kú tó 2,975.

Láti 64 dé 2,975 ju ìlọ́po ogójì lọ. Akọ̀wé kan kò lè ṣi ìṣirò ṣe tó bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lọ fi òkú pamọ́ sínú igbó. Ohun tó fà á ni ọ̀nà tí wọ́n gbà kà. Àwọn 64 ni àwọn tí dókítà kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí ikú wọn pé ìjì ló fà á, irú bí ẹni tí omi gbé, ẹni tí igi wó lù, ẹni tí ògiri ya lé lórí. Àwọn yòókù ní ìwé ẹ̀rí ikú tiwọn náà, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn ni wọ́n kọ síbẹ̀, tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí kí ó jẹ́ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Irọ́ kọ́ ni dókítà pa. Ọkàn ló dúró lóòótọ́. Ohun tó mú ọkàn dúró ni wọ́n kọ sínú ìwé náà, wọn kò kọ ohun tí kò jẹ́ kí oògùn ọkàn dé ọwọ́ aláìsàn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ nìyí: ìjì àti omíyalé máa ń pa ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ikú kìíní ni à ń rí, òun là ń ya fọ́tò rẹ̀, òun là ń kà. Ikú kejì máa ń dé nígbà tí omi ti fà, tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí àwọn oníròyìn ti lọ, ó sì lè pa ju ti ìṣáájú lọ níbi púpọ̀. Nítorí pé a kì í kà á, a kì í múra dè é.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìjì bẹ́ẹ̀ jẹ́, nítorí ilẹ̀ Áfíríkà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń gbéra. Lásìkò òjò, ìgbì afẹ́fẹ́ máa ń ti ìlà-oòrùn wá, á gba orí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá lọ sí òkun Àtìláńtíìkì. Lọ́dọ̀ wa, òjò àti àrá àti ẹ̀fúùfù ni a máa ń rí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sórí òkun tí omi ojú rẹ̀ ti gbóná tó ìwọ̀n 26 tàbí 27 Celsius, omi gbígbóná yẹn ni yóò máa bọ́ ọ. Oru omi á gòkè, á di ìkùukùu, á tú ooru inú rẹ̀ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ mìíràn á rọ́ wọlé wá gba ipò rẹ̀, yíyí tí ayé ń yí á sì mú kí gbogbo rẹ̀ máa pòòyì bí ààjà tó fẹ̀ tó odindi orílẹ̀-èdè. Púpọ̀ nínú àwọn ìgbì wọ̀nyí máa ń kú sójú òkun. Díẹ̀ ló ń di ìjì líle, Maria sì wà lára wọn. Kì í padà kọ lù wá nítorí ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń darí rẹ̀ sí. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba bá a níbẹ̀, Ọya tó ni ẹ̀fúùfù nílé náà ni àwọn Lukumí, ìran wọn, ń ké pè nígbà tó bá ń jà. Ohun tó kan àwa tí a wà nílé ni omíyalé. Ọ̀nà tí ìjì fi ń ba ilé jẹ́ yàtọ̀ sí ti àgbàrá, ṣùgbọ́n bí a bá dé orí ikú kejì, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka òkú tí ẹnikẹ́ni kò rí? Ẹ wo ìyá tó ń ta gààrí lójà. Ó mọ iye kóńgò tó ń kúrò nínú abọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ó mọ̀ ọ́n lásìkò òjò, ó mọ̀ ọ́n lásìkò ọdún. Bí ó bá délé lálẹ́ tó rí i pé kóńgò márùn-ún dín sí owó tó pa, kò dìgbà tó bá mú olè kí ó tó mọ̀ pé wọ́n ti jí òun ní gààrí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú tó ń kọ ikú sílẹ̀ ṣe mọ iye ènìyàn tó sábà máa ń kú nínú oṣù Kẹwàá. Bí ìjì bá jà nínú oṣù Kẹsàn-án tí iye tó kú nínú oṣù Kẹwàá sì fò sókè kọjá ti ọdún méje sẹ́yìn, tí kò sí ogun, tí kò sí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn, iye tó lé yẹn jẹ́ ti ìjì. Wọn kò lè nàka sí ẹnì kan nínú wọn kí wọ́n ní ẹni báyìí ni ìjì pa. Gbogbo wọn lápapọ̀ ni ẹ̀rí náà wà lára wọn. Ọ̀nà yìí ni Rachel Young àti Solomon Hsiang lò nínú iṣẹ́ tí ìwé ìròyìn Nature tẹ̀ jáde lọ́dún 2024, níbi tí wọ́n ti yẹ ìjì 501 tó jà ní Amẹ́ríkà láàárín 1930 sí 2015 wò. Lójú ìwé ìjọba, ìjì kan ń pa ènìyàn 24 tí a bá pín in dọ́gba. Ìṣirò tiwọn ni pé ìjì kan ń fa ikú ènìyàn 7,000 sí 11,000, àti pé ikú wọ̀nyẹn ń tẹ̀lé ara wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Iye yẹn ga débi tí ènìyàn á kọ́kọ́ mi orí. Kí ló lè máa pa ènìyàn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìjì ọjọ́ kan? Puerto Rico ni ó jẹ́ kí a rí bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Harvard lọ káàkiri agbolé 3,299 ní erékùṣù náà, wọ́n ń béèrè ẹni tó kú, ìgbà tó kú, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó kú. Láti ọjọ́ ìjì títí di òpin ọdún 2017, ilé kọ̀ọ̀kan, bí a bá pín in dọ́gba, wà láìní iná fún ọjọ́ 84, láìní omi fún ọjọ́ 68, láìní nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù fún ọjọ́ 41. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí iye wọ̀nyí túmọ̀ sí nínú ara ènìyàn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibi ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bí ó bá pàdánù ọ̀sẹ̀ kan, májèlé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dá ọkàn rẹ̀ dúró. Ínsúlínì aláàtọ̀gbẹ fẹ́ ibi tútù, fíríìjì kò sì ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ọ́síjìn mí lóru kò rí iná tan ẹ̀rọ náà. Ẹni tí àyà ń dùn lóru kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pe mọ́tò ilé ìwòsàn, bí ó bá sì rí i pè, ojú ọ̀nà ti dí. Nínú ikú tí àwọn agbolé náà ròyìn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n so mọ́ ìtọ́jú tó dáwọ́ dúró tàbí tó pẹ́ kí ó tó dé. Nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ni ó gbà kí iná tó padà dé ilé tó kẹ́yìn. Nínú ìwádìí ti George Washington, àwọn ìlú tó tòṣì jù ni ewu náà ti ga jù, ọkùnrin tó ti lé ní ọdún 65 ni kò sì kúrò nínú ewu títí ìṣirò náà fi parí nínú oṣù Kejì ọdún 2018.

Níbi tí ènìyàn ti ń mu omi kànga, ọ̀nà mìíràn ni ikú kejì ń gbà. Omi tó kún kò mọ ṣáláńgá yàtọ̀ sí kànga. Yóò gbé ohun tó wà nínú èkíní dà sínú èkejì. Ìgbà tó bá fà ni ilé dà bí ilé padà, àwọn onílé á gbá ẹrẹ̀, wọ́n á sá fóòmù sóòrùn, wọ́n á sì fa omi nínú kànga wọn bí ti àtẹ̀yìnwá. Onígbáméjì àti táífọ́ọ̀dù ti wà nínú korobá yẹn. Onígbáméjì lè fa gbogbo omi ara àgbàlagbà tán kí ilẹ̀ tó ṣú, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn tó ń gba ẹ̀mí là jù lọ kò wọ́n rárá: lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí ìpotíì mẹ́fà ṣúgà tí a fà létí, àti ìdajì ṣíbí náà iyọ̀, kí aláìsàn máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Omi tó mọ́ ni kò sí. Ní ti omi tó dá rogún sínú kòtò, táyà àti gọ́tà tó dí, ẹ̀fọn ti yé sínú rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Nígbà tí omi bo ìdá púpọ̀ nínú ilẹ̀ Pakistan lọ́dún 2022, ibà tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀ fò láti nǹkan bí 500,000 lọ́dún 2021 dé mílíọ̀nù 2.6. Lọ́dún 2023 ni àwọn onímọ̀ kan tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ìlú 761 ní orílẹ̀-èdè 35 jáde nínú ìwé ìròyìn BMJ. Ikú látọwọ́ ohunkóhun lọ sókè ní ìdá 2.1 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn omíyalé, ti àìsàn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ìdá 2.6, ti èémí ní ìdá 4.9. Mo fẹ́ kí òǹkàwé di ọjọ́ tí wọ́n rí mú dáadáa: ewu náà kì í ga jù lọ́jọ́ tí omi dé, nǹkan bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó máa ń ga jù, ó sì lè pẹ́ tó 60 ọjọ́ kí ó tó lọ sílẹ̀.

Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lè dà bí ohun kékeré. Kò kéré nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlú tí mílíọ̀nù ènìyàn ń gbé. Àwọn ọ̀nà mìíràn tún wà tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ìjì Laura jà ní Louisiana lọ́dún 2020, carbon monoxide inú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí àwọn ènìyàn tàn sítòsí yàrá sì wà lára ohun tó pa ènìyàn jù lọ níbẹ̀. Gáàsì náà kò lóòórùn, ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ kì í mọ̀. Ní New Orleans, níbi tí odi ìdènà omi ti ya lọ́dún 2005 tí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú sì rì, Charity Hospital tó ti ń tọ́jú tálákà láti ọdún 1736 tì lẹ́yìn ìjì Katrina, kò sì ṣí mọ́ títí dòní. Kò sí ìwé ẹ̀rí ikú kan tí wọ́n ń kọ ilé ìwòsàn tó tì sí.

Àwọn kan máa ń sọ pé arúgbó àti aláìsàn ni àwọn wọ̀nyí, ikú ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀, ìjì kàn fa ọjọ́ wọn síwájú díẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdáhùn tí a lè fi ìṣirò wò. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí yóò kú nínú oṣù Kejìlá ni ìjì pa nínú oṣù Kẹwàá, ó yẹ kí ikú oṣù Kejìlá dín kù bí ti oṣù Kẹwàá ṣe pọ̀, nítorí ẹni kan kì í kú lẹ́ẹ̀mejì. Fún àwọn ọkùnrin àgbàlagbà ní Puerto Rico, ikú kò dín, ńṣe ló ṣì ga nínú oṣù Kejì. Ìṣirò Young àti Hsiang tún fi hàn pé àwọn ọmọ ọwọ́ wà lára àwọn tí ewu náà pọ̀ fún jù, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ náà sì ni a kò tíì lóyún wọn nígbà tí ìjì jà. Ta ni yóò sọ pé ọjọ́ ọmọ tí a kò tíì bí ti pé? Ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ ni pé ilé náà ti ná owó tó fi pamọ́ sórí páànù, ìyá kò rí owó lọ ṣàyẹ̀wò oyún bó ṣe yẹ, àwọn ọmọ ẹbí tó ń fowó ránṣẹ́ ti kó lọ síbi tí iṣẹ́ wà, ìlú náà sì ti ní gbèsè tó ń jẹ owó ilé ìwòsàn. Arúgbó pàápàá, kí ni ìdí tí ọdún mẹ́ta tó kù fún un kò fi ní ka nǹkan? Láwùjọ tiwa, ọdún mẹ́ta ìyá àgbà lè jẹ́ ọdún tí ọmọ-ọmọ méjì fi rí ẹni tọ́ wọn.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní ìṣirò wọ̀nyí kò dúró lójú kan: George Washington ní 2,975, Harvard ní 4,645, nígbà tí a bá sì wo ìwé Harvard fínnífínní, wọ́n ní ó lè jẹ́ 793, ó sì lè jẹ́ 8,498. Ta ló fẹ́ fi iye tó fẹ̀ tó báyìí ṣètò ìlú? Òótọ́ ni pé iye náà fẹ̀, àwọn tó kàn mú 4,645 nìkan pariwo kò sì ṣe dáadáa sí àwọn onímọ̀ náà, tí wọ́n kọ ìwọ̀n iyèméjì wọn sílẹ̀ gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ wo 793, èyí tó kéré jù nínú ohun tí Harvard rò. Ó fi ìlọ́po méjìlá ju 64 lọ. Iye tó ní àlàfo ńlá yìí sún mọ́ òtítọ́ ju èyí tó dá ṣáká lọ, nítorí 64 kò ní iyèméjì kankan nínú, síbẹ̀ kò tọ̀nà. Bí ẹni tí kò ríran dáadáa bá ní ẹṣin tàbí màlúù ni nǹkan tó ń bọ̀ yẹn, ó sàn kí a gbọ́ tirẹ̀ ju ti ẹni tó di ojú tó sì búra pé kò sí ohun tó ń bọ̀.

Ẹlòmíràn á tún ní òṣì ló pa wọ́n, kì í ṣe omi. Ilé ìwòsàn tí kò ní iná àrọ́pò, kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá, gọ́tà tí a da pàǹtírí sí, gbogbo rẹ̀ ti wà kí òjò tó rọ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ẹni tó sọ ọ́ ti bá mi ro ẹjọ́ mi láìmọ̀. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ọ̀rọ̀ náà pín ẹ̀bi síbi méjì, ó mọ agbára omi, ó sì mọ iṣẹ́ onílé. Ṣùgbọ́n ilé tó ń wó lójú wa nìkan ni a ti ń lo òwe yìí fún. Bí odi tí onílé gbọ́dọ̀ tì bá kan kìkì ògiri, tí kò kan oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò kan omi mímu, a ti gbà fún àgbàrá ní ìdajì ilé náà.

Nígbà tí mo bá wo ìtàn omíyalé wa ní Ìbàdàn, ibi tí ó ti ń dùn mí nìyí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá, odò Ògùnpa sì ya wọ àdúgbò tó wà létí rẹ̀. Ó ti kún bẹ́ẹ̀ ní 1978 àti láwọn ọdún ṣáájú ìgbà náà. Òkú tí wọ́n rí gbé lé ní 200, àwọn tí kò nílé mọ́ sì tó 50,000. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀, afárá já káàkiri ìlú, adágún Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, àwọn tó kú lé ní 100. Láti inú ìyà yẹn ni Báǹkì Àgbáyé ti yá ìjọba ní 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2014 láti fi tún ojú odò àti afárá Ìbàdàn ṣe. Gbogbo iye òkú wọ̀nyí, ti 1980 àti ti 2011, òkú tí a rí gbé ni. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn 50,000 tí kò nílé mọ́, tí wọ́n ń sùn sí kíláàsì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìbátan, nínú oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ọdún 1980? Ọmọ mélòó ni ìgbẹ́ gbuuru mú lọ? A kò lè ṣe ìṣirò ìyá onígààrí fún wọn, nítorí abọ́ gààrí wa kò ní òṣùwọ̀n. Èyí tó pọ̀ jù nínú ikú ilẹ̀ wa kì í dé inú ìwé ìjọba. A máa ń sin òkú ká tó ronú kan ìwé, àgàgà òkú ọmọdé, èyí tí àṣà wa fẹ́ kí a tètè gbàgbé. Lọ́dún 2022, omi pa ju 600 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà, ó sì lé ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé, pẹ̀lú oko ìrẹsì àti iṣu tó bà jẹ́ létí odò Ọya àti Bẹ́núè. Iye 600 yẹn ni a ó máa fi ṣèwé, bí ẹni pé mílíọ̀nù ènìyàn lè sùn síta fún oṣù méjì kí ó má pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹni tó ń ṣètò owó ìlú lè dá mi lóhùn pé owó kò pọ̀, ó sì sàn kí a fi gbẹ́ odò ju kí a fi ra ìwé àkọsílẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú méjì ni mo gbọ́dọ̀ mú, èmi náà á ní kí wọ́n gbẹ́ odò. Ikú kìíní ṣeé dá dúró, Bangladesh sì ni ẹ̀rí tó ga jù tí mo mọ̀. Ìjì ọdún 1970 pa ju 300,000 lọ níbẹ̀, ti 1991 pa nǹkan bí 138,000, Sidr ní 2007 pa nǹkan bí 3,400. Ìjì kò rọ̀. Ohun tó yí padà ni pé láti 1972 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ará abúlé fúnra wọn láti máa gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri kí ìjì tó dé, wọ́n sì kọ́ ilé gíga tí ènìyàn lè sá sí. Ṣùgbọ́n bí ikú kìíní ṣe ń dín kù ni ikú kejì ń di èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ṣẹ́ kù, òun náà sì ṣeé dá dúró pẹ̀lú owó tí kò tó ti afárá kan. Nígbà tí ìjì Idai ba ìlú Beira jẹ́ ní Mozambique nínú oṣù Kẹta ọdún 2019, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi fún ju 800,000 ènìyàn ní àjẹsára onígbáméjì, èyí tí a ń fi ẹnu mu, wọ́n da kiloríìnì sí omi, wọ́n sì ṣí ibi ìtọ́jú sí àdúgbò. Àwọn tí àìsàn náà mú lé ní 6,000. Àwọn tó kú jẹ́ mẹ́jọ. Wọ́n rí i dá dúró nítorí pé wọ́n ń ka aláìsàn lójoojúmọ́, wọ́n sì mọ àdúgbò tó kàn.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè fún kò kọjá ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe. Ìrànwọ́ wa máa ń dé láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní: fóòmù, ìrẹsì, aṣọ òkìrìkà, gómìnà nínú bàtà rọ́bà. Nígbà tí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá pé, kò sí ẹnìkan níbẹ̀ mọ́. Kí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ àdúgbò tí omi ya ní ìwé orúkọ àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́ ife àti àwọn aboyún, kí nọ́ọ̀sì sì máa wá wọn lọ fún 60 ọjọ́. Kí wọ́n da kiloríìnì sí gbogbo kànga kí ẹnikẹ́ni tó fa omi mu. Kí baálẹ̀, ìmáàmù àti pásítọ̀, tí òkú kì í fo ojú wọn dá, máa fi orúkọ, ọjọ́ orí àti ọjọ́ ikú ránṣẹ́ sí akọ̀wé Àjọ Ètò Ìkànìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀, lọ́dún tí omi kò kún àti lọ́dún tó kún, kí a lè ní ohun tí a ó fi wé ara wọn. Lọ́dún 2011, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn omíyalé Ìbàdàn bọ́ sí 20 oṣù Kẹsàn-án. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ti wà nígbà náà, à bá lè ṣí i lónìí, kí a wo iye tó kú lọ́jọ́ yẹn ní ìsàlẹ̀ Ẹlẹ́yẹlé, kí a wo orúkọ wọn.